Ta Ló Bá Yín Wá?

Òkèlè ẹ̀bà kan ló tú àṣírí àìsàn náà. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni. Adùnọlá jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Ìwáyà, ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì. Òkèlè náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó wá dúró sí àárín àyà. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Adùnọlá mu omi, omi náà dúró lé e lórí. Ó dìde, ó ń fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń kọjá lọ síbi ẹ̀rọ omi, wọ́n ń kí i pé, "Ìyá Àánú, ẹ kú ọ̀sán o," òun náà ń mi orí sí wọn nítorí kò lè fọhùn. Kò sí ẹni tó dúró. Nígbà tí òkèlè náà wá sọ̀ nígbẹ̀yìn, ó gbé àwo ẹ̀bà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì jẹ ẹ́ mọ́.

Ó ti tó ọdún méjì tí àyà ti ń ta á. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Kọ́tìnì ló ń rán ní Tejuoso, ó sì máa ń tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan kíkan kan á rọra gun òkè láti inú rẹ̀ wá sí ọ̀fun, á máa jó o bí ẹni pé wọ́n da omi ata síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó sọ fún lọ́jà ló ní ọ́sà, egbò inú, ni. Ẹnì kan ní kó máa mu mílíìkì. Ẹlòmíì ní kó máa jẹ bísíkíìtì kí inú rẹ̀ má bàa ṣófo. Ó ń ra oògùn funfun inú ìgò, èyí tí wọ́n máa ń mì pọ̀ kí wọ́n tó mu ún, á sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò há a láyà rí. Nígbà tó sì ń ró ìró ọjọ́ Ìsinmi, ó rí i pé ìró náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí òun ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rù, kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan ní apá Yaba. Dókítà bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní kó gun ìwọ̀n. Ó wá ní òun ò kàn ní kọ oògùn fún un kó máa lọ.

"Màmá, oúnjẹ ń há yín láyà, ara yín sì ń rù. A ní láti fojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé àwọn á ti okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹnu rẹ̀ wọlé dé ikùn, pé kámẹ́rà wà lẹ́nu okùn náà. Lẹ́yìn náà ló ní kó lọ rí nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ẹ̀ka yẹn.

Haleemah ni orúkọ nọ́ọ̀sì náà. Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó wọ gíláàsì, ó wé híjáàbù funfun, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀ bí èrò tilẹ̀ ń dúró dè é.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiyín," ó ní. "Bí ẹ bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tán, ẹ má jẹ nǹkan kan mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ má mu omi pàápàá. A máa gún yín ní abẹ́rẹ́ kan tó máa mú yín tòògbé, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń lọ. Ṣùgbọ́n nítorí abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ ò lè dá lọ sílé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá yín wá. Á jókòó dè yín, á fọwọ́ sí ìwé, á mú yín délé, á sì wà lọ́dọ̀ yín títí ojú yín á fi dá."

"Ṣé dandan ni?"

"Dandan ni, Màmá. Bí kò bá sí ẹnì kankan, a ò ní ṣe é."

Adùnọlá ní ó dáa, ó ti gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú fóònù dání. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àánúolúwapọ̀, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Jalingo lókè Ọya lọ́hùn-ún. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ní kó má rìn púpọ̀. Adùnọlá mọ ọmọ rẹ̀. Bó bá gbọ́ báyìí, á ti wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Nítorí náà, kò pè é. Ó wo orúkọ Caroline, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún tó kọjá, Caroline nìkan ló sọ fún pé àyà ń dun òun. Nígbà tó máa di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti kéde rẹ̀ fún àdúrà, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ kú. Ó ré orúkọ Caroline kọjá.

Igba orúkọ ó lé mẹ́tàlá ló wà nínú fóònù náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń fi àtàǹpàkò tì wọ́n lọ. Kọ́tìnì Pupa Àgùdà. Ìyá Ìbejì Ojúẹlẹ́gbà. Alhaja Fèrèsé Gígùn. Ṣọ́ọ̀ṣì Onígíláàsì. Ohun tó rán fún wọn ló fi ń dá ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ti ń ránṣọ fún láti ogún ọdún. Ó mọ ìwọ̀n fèrèsé wọn, ó mọ èyí tí oòrùn ń wọlé sí láàárọ̀. Kò mọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ fún pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn Lateefah, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní báńkì kan ní Erékùṣù Èkó.

"Há, Ìyá Àánú! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun?" Lateefah ń wọ bàtà, ó ń sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá wa tuntun yìí ò gbà. Mo gba ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí ọmọ mi ń ṣàìsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi. Ẹ má bínú o."

"Kò burú. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, ó dá lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti ṣe é tán, wọn ò lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ káàárọ̀," ni Haleemah wí. "Ta ló bá yín wá?"

"Ọmọ mi ni. Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Haleemah ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó jáde wá wò. Adùnọlá ní sún-kẹẹrẹ ọkọ̀ ló dá ọmọ òun dúró. Haleemah padà wọlé. Ìgbà tó tún jáde, aago mọ́kànlá ti ń lọ, káàdì Adùnọlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì yín, ti Bàbá Àkàngbé. Ọmọkùnrin kan ló gbé e. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láìnì náà ni, òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Adùnọlá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń lo nọ́ńbà náà. Kò pè é rí láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín.

"Ọkọ mi ni. Ó ti pé ọdún márùn-ún tó ti kú."

"Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ yín tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Kò mọ̀ pé mo wà níbí."

Haleemah kò bá a wí. Ó ní òun máa wá ọjọ́ mìíràn fún un, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì gbìyànjú kó rí ẹnì kan. Ó bu omi fún un kó mu, nítorí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ láti àárọ̀.

Bàbá kan tó jókòó sí ìdí bẹ́ǹṣì náà ti ń gbọ́ wọn. Ó sún mọ́ Adùnọlá díẹ̀.

"Wọ́n ti lé ẹ̀yin náà?"

"Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n lọ mú èèyàn wá ni."

"Ohun kan náà ni," bàbá náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Èmi, ìgbà kejì mi rèé."

Àbdùlsàmàd ló ń jẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń tún fáànù ṣe ní Mushin láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Tirẹ̀ kì í ta á láyà tó bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ló ń hú. Bó bá ti dùbúlẹ̀ ni omi kíkan náà á gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, ikọ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ń lo oògùn ikọ́ fée kí dókítà kan tó ní kì í ṣe ikọ́ fée, pé ikùn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyàwó rẹ̀, Àmínát, ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀, Ummulkhair, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì fẹ́ kí ó gbọ́ kó máa dààmú.

"Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀," ó ní. "Wọ́n fún yín ní Ọjọ́bọ̀. Àbí mo gbọ́ dáadáa?"

"Ẹ gbọ́ dáadáa."

"Ẹ bá mi wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi á bá yín wá lọ́jọ́bọ̀."

Adùnọlá wò ó. Àjèjì pátápátá ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bọ́tìnì kan ti já lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bá a rán an padà. Ó ní ó dáa. Wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Haleemah wo àwọn méjèèjì, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ jẹ́ sí Bàbá?"

Kí Adùnọlá tó dáhùn, Àbdùlsàmàd ti sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi ni." Haleemah kọ ọ́ sílẹ̀, Adùnọlá sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní kí Àbdùlsàmàd bọ́ fìlà, kó bọ́ bàtà, kó sì yọ eyín àtọwọ́dá tó bá ní. Méjì ló ní. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó yọ wọ́n, ó fi wọ́n sínú ife oníke, ó gbé e fún Adùnọlá. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ báyìí, ètè rẹ̀ sì ti wọlé díẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó sọnù o." Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí Adùnọlá fi jókòó síta, fìlà ọkùnrin wà lórí itan rẹ̀, ife eyín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń kí i pé kó kú àmójútó Bàbá. Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé o."

Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, Àbdùlsàmàd dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Ó nawọ́, ó di ọrùn ọwọ́ Adùnọlá mú.

"Àmínát," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Adùnọlá kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.

"Mo ti jẹun," ó dá a lóhùn.

Bàbá náà pa ojú dé padà. Kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀, Adùnọlá náà ò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Haleemah tó ń to nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò wo apá ọ̀dọ̀ wọn.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wọn dé Mushin. Yàrá kan ni Àbdùlsàmàd ń gbé, fáànù sì kún ibẹ̀ débi tí kò fi sí ọ̀nà ẹsẹ̀. Adùnọlá po ògì fún un, ó jẹ́ kó tutù dáadáa kó tó gbé e fún un, bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Nígbà yẹn ojú bàbá náà ti dá, ó ti fi eyín rẹ̀ sẹ́nu padà.

"Ọjọ́bọ̀, aago méje, lẹ́nu géètì," ó ní. "Èmi ni mo máa kọ́kọ́ dé."

Lọ́jọ́rú, Adùnọlá kò rán aṣọ púpọ̀. Ó tètè ti ìsọ̀, ó fọ irun rẹ̀. Kò rò pé ó yẹ kí inú èèyàn máa dùn nítorí pé wọ́n fẹ́ ti okùn bọ̀ ọ́ lọ́fun, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá gágá bí ẹni tó ń lọ sí òde.

Aago méje ku díẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, ó ti wà lẹ́nu géètì. Aago méje lù. Aago mẹ́jọ lù. Ó pe Àbdùlsàmàd, wọ́n ní fóònù náà wà ní pípa. Ó tún pè é, ohùn kan náà ló dáhùn. Ó wo gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn. Aago mẹ́sàn-án kọjá kó tó wọlé lọ. Nígbà tí Haleemah rí i, kò béèrè ìbéèrè tó máa ń béèrè. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i," ni Adùnọlá wí. "Kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Mo mọ̀, Màmá." Haleemah fà á lọ sí kọ̀rọ̀ kan. "Bí a bá sún un síwájú, ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí tiyín pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn kan wà. A lè ṣe é láìsí abẹ́rẹ́ oorun. A kàn máa fọ́n oògùn kan sí yín lọ́fun, kó má bàa mọ nǹkan lára mọ́. Ojú yín á là sílẹ̀. Bí a bá ṣe tán, ẹ lè fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ sílé, ẹ ò nílò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, kò rọrùn. Èébì á máa gbé yín. Ẹ máa rò pé ẹ ò lè mí. Ẹ máa lè mí."

"Ṣé ẹ̀yin náà máa wà níbẹ̀?"

"Iwájú yín gan-an ni màá wà."

Wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Oògùn tí wọ́n fọ́n sí i lọ́fun korò, ọ̀fun rẹ̀ sì nípọn, kò mọ ibi tí ahọ́n rẹ̀ parí sí mọ́. Wọ́n fi òrùka oníke kan há a lẹ́nu. Haleemah kúnlẹ̀ débi tí ojú àwọn méjèèjì fi ṣe déédéé. Ó fi ọwọ́ kan gbá a mú lẹ́yìn orí, ó fi ìkejì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ wò mí lójú, Màmá. Ẹ má wo dókítà. Imú ni kí ẹ fi máa mí. Bí itọ́ bá fẹ́ dà, ẹ jẹ́ kó dà, ẹ má gbé e mì."

Okùn náà wọlé. Gbogbo ara Adùnọlá dìde láti kọ̀ ọ́. Ó fẹ́ fa nǹkan náà yọ, ó fẹ́ sá, ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀ tó ti kú ní Iléṣà láti ìgbà pípẹ́. Èébì gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbé e. Itọ́ ń dà sórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fi imú mí. Ó ti kọjá ibi tó le jù. Ẹ tún mí. Báyẹn gan-an. Ó ti dé ikùn báyìí."

Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, ó sì gùnfẹ̀, ìró rẹ̀ kún yàrá. Ojú tì í. "Ẹ má tijú," ni Haleemah wí, "àwa la fẹ́ atẹ́gùn síbẹ̀." Adùnọlá tẹjú mọ́ ojú tó wà lẹ́yìn gíláàsì náà. Ó rí i pé ẹyinjú ọ̀tún ní ààmì kékeré kan tó dúdú. Ó rí i pé nọ́ọ̀sì náà kò sùn dáadáa lóru àná. Ọdún márùn-ún ti kọjá tí ẹnikẹ́ni ò ti fi ojú sún mọ́ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ní òun fẹ́ mú ẹran tíńtín kan lára ibẹ̀ fún àyẹ̀wò, pé kò ní dùn ún. Kò dùn ún lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni okùn náà jáde, tí Haleemah fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ kékeré.

"Ó ti tán, Màmá. Ẹ gbìyànjú gan-an ni."

Adùnọlá kò sunkún nígbà tí okùn wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí Haleemah fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ló tó sunkún.

Dókítà ní òun ò rí kókó kankan. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ti bó, omi kíkan ló jó o, ibẹ̀ sì ti fún díẹ̀ nítorí ọgbẹ́ tó ń jinná tó tún ń padà di egbò. Ìdí nìyẹn tí òkèlè fi há. Ẹran tí wọ́n mú máa lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọkàn òun balẹ̀. Ó kọ oògùn fún un.

Adùnọlá ní láti jókòó títí ọ̀fun rẹ̀ á fi jí kó tó lè mu omi. Haleemah gbé àga wá, ó jókòó tì í.

"Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú ikùn," ó ní. "Tiyín ti dẹ̀, kì í tì dáadáa mọ́. Ohun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ wá ń gòkè. Aago mélòó lẹ máa ń jẹun alẹ́?"

"Bíi aago mẹ́sàn-án. Bí mo bá ti ọjà dé."

"Ẹ sì máa ń dùbúlẹ̀ nígbà wo?"

"Bí mo bá ti jẹun tán."

"Lójú ẹsẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe?" ni Adùnọlá wí. Ohùn rẹ̀ ṣì wúwo nítorí oògùn ọ̀fun. "Nígbà tí bàbá wọn wà, bí a bá jẹun tán, a máa ń jà lórí ìròyìn ni. Ohun tí mo bá ní ó dáa, á ní kò dáa. A lè wà lẹ́nu rẹ̀ fún wákàtí méjì. Nígbà tí ò sí mọ́, mo máa ń jẹun, mo máa ń fọ àwo, mo máa ń sùn."

Haleemah mú bíírò.

"Oògùn yìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹun àárọ̀ ni. Ẹ má fo ọjọ́ kan, kódà bí àyà ò bá ta yín mọ́. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ kéré, kí ẹ pín in. Ẹ dín ata kù, ẹ dín epo kù, ẹ fi ọsàn àti mínírà sílẹ̀ ná. Ṣé ẹ ń lo oògùn fún orúnkún?"

"Mo máa ń rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì."

"Ẹ dá a dúró. Òun náà ń bá yín jà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ ní kí káfíńtà fi igi sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níbi orí, kó ga tó báyìí." Ó fi ìka ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Ìrọ̀rí ò tó, ó kàn máa ká yín níkùn ni. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ máa fi lélẹ̀. Ẹ má sì ró ìró le mọ́nú. Bí ẹ bá ti jẹun, ẹ ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta."

"Wákàtí mẹ́ta!"

"Mẹ́ta, Màmá. Ẹ máa rìn kiri díẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé èébì yín ní ẹ̀jẹ̀, tàbí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé wa. Ẹ máa bọ̀ ní tààrà."

Adùnọlá ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi." Haleemah ní àmín. Ẹnì kan ti ń pè é nínú lọ́hùn-ún. Ó dìde, ó lọ. Adùnọlá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Àbdùlsàmàd tó pè é. Nọ́ńbà tí Adùnọlá kò mọ̀ ló fi pè.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ummulkhair ló dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú láìsọ fún mi. Aládùúgbò mi kan ló pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti kó mi sínú ọkọ̀. Mo sọ fún un pé mo ṣèlérí fún ẹnì kan, ó ní ṣé èmi tí mi ò lè gbé ti ara mi ni mo fẹ́ gbé ti ẹlòmíì. Fóònù mi bọ́ sómi lọ́nà. Òní ni wọ́n tó yọ nọ́ńbà yín nínú rẹ̀. Ta ló bá yín lọ?"

"Aládùúgbò mi kan bá mi lọ," ni Adùnọlá wí.

"Alhamdulillah. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ náà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Ikọ́ ńkọ́?"

Ó ní ikọ́ náà ti ń dín kù, pé Ummulkhair ò jẹ́ kó jẹ nǹkan kan lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun ò rò pé òun á tún padà sí Èkó. Wọ́n kí ara wọn pé ó dàbọ̀, wọ́n ṣàdúrà fún ara wọn. Kò tún pè mọ́, Adùnọlá náà ò sì pè é.

Káfíńtà wá gbé bẹ́ẹ̀dì náà sókè. Ó kọ́kọ́ ń ṣe Adùnọlá bí ẹni pé ó fẹ́ yọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi ń sùn láti ọjọ́ tó ti di opó, kó má bàa máa wo àyè Àkàngbé, ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì mú kó kọjú sí ibẹ̀. Ó wo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò rún ní apá ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ó tẹ́ aṣọ ìbora mìíràn síbẹ̀, kò ran nǹkan kan. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èsì àyẹ̀wò jáde, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì pé, ó lọ rí dókítà, ìwọ̀n fi hàn pé ó ti sanra díẹ̀. Òkèlè ń lọ. Haleemah gbá a mọ́ra níwájú èrò, ó sì sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Àánúolúwapọ̀ bí ọmọbìnrin, Adùnọlá sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Àánúolúwapọ̀ sunkún, ó bínú, ó ní kí ìyá òun má ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé. Adùnọlá ní òun ò ní ṣe é mọ́. Wọ́n ti ní Adùnọlá ló máa wá wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ti dé ibẹ̀ ṣáájú, ìrìn-àjò tirẹ̀ sì di oṣù tó ń bọ̀.

Ó ń ti ìsọ̀ ní aago márùn-ún báyìí. Aago mẹ́fà ló ń jẹun, nígbà tí oòrùn ṣì wà lórí ògiri. Wákàtí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló gùn. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó máa ta ko òun, ó pa rédíò náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Á gba àárín ilé kọjá lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja ti ń so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀, á dúró díẹ̀, á yí padà. Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin kan tó ń yan ẹja gbé ojú sókè nínú èéfín.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Adùnọlá dáhùn.

Obìnrin náà tẹ orí padà sídìí ẹja rẹ̀. Adùnọlá rìn dé òpin ilẹ̀, ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ ṣì kù.